Nílé Wa, A Kì Í Béèrè Ta Ló Ṣe É

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá

Ẹni yòówù tó bá ṣí ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé irú mi kọ́ ló yẹ kó máa kọ̀wé. Ọdún kìíní ẹ̀kọ́ òfin ni mo wà. Bí olùkọ́ bá ní kí n dìde dáhùn ìbéèrè, ohùn mi á sá pa mọ́ sí ọ̀fun. Èmi náà ni mo wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mò ń kọ ọ́ bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, inú mi sì ti kún dé ẹnu. Ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe ibẹ̀.

Wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n mi, Túúwò.

Àná ni Ìyá mi pè mí. Orí ìlà oúnjẹ ni mo wà. Wọn ò tilẹ̀ dúró kí n kí wọn tán. Wọ́n ní, "Lọ́yà, ọlọ́pàá ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ o. Kí ni òfin wí?" Kí ni òfin wí. Láti ìgbà tí a ti wọlé, ohun tí wọ́n tíì kọ́ wa kò ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín òfin àti ìwà rere lọ, èyí náà kò sì tíì yé mi tán. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Nígbà tí mo gbé fóònù kúrò létí, mo rí i pé mo ti kúrò lórí ìlà, mi ò sì mọ ibi tí mo fi àwo mi sí.

Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyí. Ilé tuntun kan wà tí Túúwò àti ọ̀gá rẹ̀ ń bá onílé ṣe iṣẹ́ iná sí. Wọ́n ti fa wáyà sí gbogbo yàrá tán, ó ku kí wọ́n kùn ún. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, inú ògiri ti ṣófo. Ẹnì kan ti fa gbogbo wáyà jáde nínú páìpù bí ẹni fa ìfun ẹja, ilẹ̀kùn sì wà ní títì bí wọ́n ṣe tì í. Ọwọ́ Túúwò ni kọ́kọ́rọ́ wà. Orí àkàbà ló wà níbi iṣẹ́ mìíràn lánàá nígbà tí ọlọ́pàá wá ní kó sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti délé. Òjò ò dá láti ibi tí mo ti wọ bọ́ọ̀sì títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Owó ọkọ̀ tún ti lọ sókè.

Máṣíìnì ìránṣọ Bàbá dákẹ́. Mi ò rò pé mo ti gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ yìí nílé wa rí lọ́sàn-án gangan. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù wọn, èyí tó tẹ̀ lé e la ń sùn, aṣọ ìkélé ló pààlà. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìró máṣíìnì yẹn ló ń rẹ̀ wá sùn. Bí ó bá ń sáré, a mọ̀ pé aṣọ ilé ìwé ni wọ́n ń rán. Bí ó bá ń rìn díẹ̀ tó ń dúró, ọrùn kóòtù ni. Túúwò á nà gbalaja sórí ẹní, á máa sọ ọ́ fún mi bí àwọn tó ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò: "Ó ti mú apá ọ̀tún. Ó ti dé èjìká. Ó ń yí i o, ó ń yí i." Èmi á máa rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí. Bí máṣíìnì bá dákẹ́ pátápátá ni oorun wa tó ń já.

Rédíò náà ló fún un lórúkọ. Ó tú ti Ìyá mi kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Nígbà tí wọ́n figbe ta, ó ní, "Mo kàn tú u wò ni." Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ Túúwò, títí dé ilé ìwé, títí dé ibi iṣẹ́.

Bàbá ò wí nǹkan kan nípa rédíò yẹn. Nílé wa, a kì í béèrè ta ló ṣe é. Nígbà tí dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn fọ́, ìgbálẹ̀ ni Bàbá mú. Wọ́n gbá a, wọ́n dà á nù, wọ́n padà sídìí aṣọ wọn. Ìyá mi ní kí wọ́n wádìí láàárín àwa méjèèjì. Wọ́n ní, "Bí mo bá béèrè, ọ̀kan nínú wọn á purọ́. Dígí ló fọ́. Ṣé kí n wá fọ́ ọmọ mọ́ ọn ni?"

Bí ó bá sì jẹ́ pé nǹkan aládùúgbò la bà jẹ́, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, wọ́n á lọ bẹ̀bẹ̀. Wọn kì í gbọ́ ẹjọ́ náà tán kí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀. Bàbá Ẹ-jọ̀ọ́ ni gbogbo òpópónà ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ míì á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ní ikùn ara wọn, mo mọ̀ pé wọ́n ń jowú. Mélòó nínú wọn ni bàbá rẹ̀ lè kúnlẹ̀ nítorí tirẹ̀?

Ìyá mi ti sọ èyí tó kù fún mi nínú ilé ìdáná, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Wọn ò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ilé onílé ni wọ́n kọ́kọ́ lọ.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Káńtà ibẹ̀ ga tó fi jẹ́ pé orí Ìyá mi nìkan ló yọ lókè rẹ̀. Òtútù mú ọlọ́pàá tó dá wa lóhùn, ó ń sín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó tilẹ̀ ń kí Bàbá bí ẹni kí ojúlùmọ̀. Ó ní mẹ́rin ni àwọn kó: ọ̀gá iná, Túúwò, ẹni tó ń rẹ́ ilé àti ẹni tó fẹ́ kùn ún, pé onílé fúnra rẹ̀ ò mọ èyí tí yóò tọ́ka sí nínú wọn. Ó ní, "Àfìgbà tí bàbá yín yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n dín iṣẹ́ wa kù púpọ̀." Ó sín. Wọ́n ti fi àwọn mẹ́ta yòókù sílẹ̀ láti ọjọ́rú.

Wọ́n mú Túúwò jáde, kò sí bẹ́líìtì, kò sí bàtà. Ìyá mi ti ń sunkún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń sọ fún un ní etígbọ̀ọ́ ọlọ́pàá pé ohunkóhun tí wọ́n bá ní ó ṣe, kó ṣáà ní kí wọ́n má bínú. Bàbá ń wo ilẹ̀.

"Má fòyà," wọ́n ní. "Mo ti bẹ̀ wọ́n."

"Ẹ bẹ ta ni?"

"Onílé."

"Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ni?"

Bàbá na búrẹ́dì tí a gbé wá sí i. Túúwò gbà á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá mi, ó sì ní kí ọlọ́pàá jẹ́ kí òun wọlé padà. Àkókò wa ò tíì pé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ti ka ìwé òfin mi láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo ń wá ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀, mi ò rí i.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Mo fi òwúrọ̀ padà sí ilé ìwé, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìpìlẹ̀ òfin. Mo ti kọ́ ohun tí n ó sọ sórí nínú bọ́ọ̀sì. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi, kò sì ṣe é," mo sì dúró bí òpó. Ẹ̀pà ni wọ́n ń jẹ. Wọn ò bi mí bóyá ó ṣe é. Wọ́n bi mí bóyá ó ti kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún ọlọ́pàá, bóyá ó ti rí agbẹjọ́rò, bóyá àwọn òbí wa ti bá ẹni tó fi í sùn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dákẹ́ lórí ìkẹta, wọ́n dá ẹ̀pà náà padà sínú bébà. Wọ́n kọ àdírẹ́sì àwọn agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ fún mi, wọ́n ní òní ni kí n lọ, kì í ṣe ọ̀la.

Agbẹjọ́rò obìnrin kúkúrú kan ni wọ́n fún wa níbẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tí mò ń kọ́, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹlẹgbẹ́ mi." Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

Wọ́n bá mi dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n wọlé lọ bá Túúwò, wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní ọmọ náà gbọ́n: ohun tó kọ sílẹ̀ kò ju pé òun tilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀bẹ̀ Bàbá ló le. Onílé ti lọ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì pé bàbá ẹni tí wọ́n mú wá kúnlẹ̀, ó ní kí òun foríjì ọmọ rẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì ìta ni wọ́n ti bá àwọn òbí mi wí. Mi ò gbọ́ kí àgbà bá Bàbá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹni tí wọ́n lè bí. Wọ́n ní kí wọ́n má lọ bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Kí wọ́n má fọwọ́ kan fóònù Túúwò, kí wọ́n má pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀. Kí Ìyá mi yé sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ àdúrà orí fóònù wọn. Gbogbo èyí ni wọ́n gbà. Lẹ́yìn náà ni agbẹjọ́rò wá ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má bi Túúwò ní ọ̀rọ̀ náà, ní àgọ́ tàbí nílé, títí ẹjọ́ á fi parí.

"Ohun tó bá sọ fún èmi, inú mi ló máa kú sí. Ohun tó bá sọ fún ẹ̀yin, wọ́n lè pè yín síwájú adájọ́ kí ẹ wá tún un sọ."

"Kí n má bi ọmọ tí mo bí?"

"Ìgbà tó yẹ kí ẹ bi í ti lọ, Bàbá. Kí ẹ tó wọ bàtà ni."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n gbé e dé kóòtù. Wọ́n ka ẹ̀sùn olè jíjà sí i létí, ó ní òun kò jẹ̀bi. Adájọ́ fún un ní béèlì, onídùúró méjì. Ìyá àgbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé wa tẹ́lẹ̀ dúró fún un, wọ́n sì fa àbúrò wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ wá. Wọ́n ní, "Ọmọ tó tún aago ilé ìwé mi ṣe, tó gun orí àga mẹ́ta, mo ṣe lè jẹ́ kó sùn síbẹ̀?" Mo rántí aago yẹn. Fún odidi sáà kan ni ó fi ń lù ní àkókò tó wù ú, a sì ń tètè lọ ṣeré.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Túúwò ti wà nílé láti ọjọ́bọ̀. Ó wà nílé bí àlejò ṣe ń wà nílé. Bí Bàbá bá jókòó sídìí oúnjẹ, ó máa ń rántí pé òun ní aṣọ láti fọ̀. Òfin agbẹjọ́rò ti bọ́ sí i lọ́wọ́ bí ohun ìjà: bí a bá la ẹnu, á ní, "Wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀."

Mo bá a níbi okùn aṣọ lẹ́yìn ilé. Mo ní mi ò fẹ́ bi í nípa ẹjọ́. Ó ní òun náà ò fẹ́ sọ ti ẹjọ́, ti ilé wa lòun fẹ́ sọ.

"Wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún mi kí wọ́n tó bi mí," ó ní. "Ọlọ́pàá bi mí. Ẹni tó ń sín yẹn bi mí. Bàbá mi nìkan ni kò bi mí."

Mo ní ṣé ó rántí dígí. Ó ní òun rántí. "Ìwọ lo fọ́ ọ," ó ní, "gbogbo àdúgbò rò pé èmi ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò ó nítorí Bàbá ò béèrè." Ó sá ṣòkòtò rẹ̀, ó sì wọlé.

Òtítọ́ ni. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà náà, mo fẹ́ fi ẹnu kan ẹnu ọmọ inú dígí. Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ keje, oṣù kọkànlá

Mo padà sí kíláàsì. Ẹni tó bá béèrè Túúwò, mo ń sọ fún un pé kò ṣe é. Òwú dúdú ti wọ́n, Bàbá ní kí n bá àwọn wò ó ní ọjà ìhà ilé ìwé wa. Ó tún wọ́n jù níhìn-ín.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Obìnrin kan wá gba aṣọ rẹ̀ padà láìrán. Ó ní òun fẹ́ fi ṣe nǹkan mìíràn. Bàbá ká a fún un dáadáa, wọ́n fi okùn dì í, wọ́n sì ní kó má bínú. Túúwò ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ìkélé. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

Iná lọ nírọ̀lẹ́. Nígbà kan, bí iná bá lọ, Túúwò á gbé agolo mílíìkì rẹ̀ jáde, tó ti fi bátìrì àti gílóòbù kékeré ṣe àtùpà sí. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju ti kòkòrò alẹ́ lọ, ṣùgbọ́n Bàbá á fà á sún mọ́ abẹ́rẹ́, wọ́n á ní, "Ìmọ́lẹ̀ ọmọ mi tó mi ránṣọ." Wọ́n á fún ojú pọ̀, àwa á máa wo òjìji ọwọ́ wọn lára ògiri, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Lónìí, a jókòó sínú òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó dìde.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ẹ̀gbọ́n Ìyá mi wá láti ìlú wọn. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí Túúwò bá àwọn lọ kó tó di ọjọ́ ẹjọ́, pé níbi tí àwọn ń gbé, ẹni tó bá ń wá a yóò wá a títí. Ìyá mi ti ń wá báàgì. Ẹ̀rù bà mí bíi ti inú kíláàsì, ṣùgbọ́n mo dìde. Mo ní bí ó bá lọ, wọn á mú ìyá àgbà ọ̀gá ilé ìwé dípò rẹ̀, adájọ́ á sì gbà pé ẹni tó sá ló jalè.

Bọ̀dá Ìyá mi wò mí. "Ta lo pe ara rẹ?"

Túúwò ló dáhùn látinú yàrá: "Lọ́yà wa ni. Mi ò lọ síbì kankan."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè mí bẹ́ẹ̀ láìfi mí ṣẹ̀sín.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá

Mo tún wálé nítorí ẹjọ́. Agbẹjọ́rò ní kí Túúwò wọ aṣọ tó mọ́, tó sì bá a mu, wá sí kóòtù. Èyí tó ní ti tóbi jù fún un báyìí. Bàbá gbé téépù kọ́rùn, wọ́n dúró lẹ́nu ìkélé, wọn ò pè é. Ó jáde fúnra rẹ̀.

Mo jókòó sídìí áyọ́ọ̀nù, mò ń díbọ́n. Bàbá wọn èjìká. Wọ́n wọn àyà. Ó gbé apá méjèèjì sókè láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un, bí a ti máa ń ṣe ní òpin ìsinmi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rán aṣọ ilé ìwé tuntun. Wọ́n máa ń fi etí ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ ní fífẹ̀ nígbà náà, wọ́n á tú u sílẹ̀ díẹ̀ lọ́dọọdún bó ṣe ń ga, ìlà ibi tí wọ́n ti tú á sì máa hàn lára aṣọ, ọ̀kan lábẹ́ ìkejì. A lè fi kà á bí ó ti dàgbà tó. Nígbà tí téépù yí ìbàdí rẹ̀ ká, Bàbá dúró, wọ́n tún un wọ̀n. Ó ti fọn. Wọ́n fi ọwọ́ lé e léjìká fún ìgbà díẹ̀ tí kò sí ohun tí wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀.

Máṣíìnì ṣiṣẹ́ títí mo fi sùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Onílé jẹ́rìí. Agbẹjọ́rò wa bi í bóyá kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà. Ó ní ọ̀kan ni. Wọ́n tún un bi í. Ó ní ó dà bíi pé òun fún ẹni tó fẹ́ kùn ún ní ọ̀kan, kó lè wá wo ògiri. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló wá bẹ̀ mí. Bàbá ẹni tó fẹ́ kùn ún ò wá." Gbogbo kóòtù mi orí. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Bàbá jẹ́rìí. Mò ń yára kọ ọ́, ẹ má wo ìkọ̀wé mi.

Agbẹjọ́rò bi wọ́n pé ta ló sọ fún wọn pé ọmọ wọn jalè. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn gbọ́ ni pé wọ́n mú un, inú onílé sì ń ru.

"Kí wá lẹ bẹ onílé fún?"

"Ó ń bínú ni."

Adájọ́, obìnrin tó wọ gíláàsì, gbé ojú sókè. "Bàbá, ṣé gbogbo ẹni tó bá ń bínú lẹ máa ń bẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó máa ń dín ariwo kù."

Agbẹjọ́rò ní kí wọ́n sọ ti ọkọ̀ omi. Wọ́n ní lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ tó ń gbé omi kiri fi ẹ̀yìn wó ògiri kan, awakọ̀ ń pariwo kiri àdúgbò, àwọn sì jáde lọ bẹ̀ ẹ́.

"Ògiri ta ni?" Adájọ́ ló béèrè.

"Ògiri wa ni, mà."

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé fi fáìlì bojú. Ìyá àgbà ọ̀gá ilé ìwé ń nu omijé. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí mo rántí ọjọ́ náà, bí Bàbá ṣe kúnlẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù ara wọn, tí awakọ̀ ọ̀hún ò mọ ohun tí yóò ṣe ju kí òun náà kúnlẹ̀ lọ.

Ọlọ́pàá tó ń ṣe agbẹjọ́rò ìjọba dìde. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀bẹ̀ ògiri yàtọ̀, ẹ̀bẹ̀ olè yàtọ̀. Pé Bàbá bẹ̀bẹ̀ nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ àwọn ṣe é.

"Mi ò mọ̀," Bàbá ní.

"Títí di òní, ẹ ò mọ̀ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é?"

"Títí di òní. Mi ò bi í kí n tó lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n má bi í mọ́."

Mo wo Túúwò nínú àpótí olùjẹ́jọ́, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó bá a mu rẹ́gí. Ó ń wo Bàbá bí ẹni tó ti tú nǹkan kalẹ̀ tí kò rí bí yóò ṣe tò ó padà.

Lóde, agbẹjọ́rò ní ìdáhùn yẹn dára fún ẹjọ́ wa ju ohunkóhun lọ. Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní, "Ó dára fún ẹjọ́."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kìíní: kí ni ìyàtọ̀ láàárín òfin àti ìwà rere? Mo kọ ọ́ títí bébà fi tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Adájọ́ kà á jẹ́jẹ́. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó rí i, a ò bá wáyà kankan lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ọ̀kan, àti pé ẹ̀bẹ̀ bàbá kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ọmọ. Ẹni tó kó wáyà náà, a ò mọ̀ ọ́n títí di ìsinsìnyí. Ìyá mi dì mọ́ agbẹjọ́rò tó fi jẹ́ pé a ò rí wọn mọ́.

Nígbà tí a jáde sí ẹ̀yìn kóòtù, níbi tí ẹ̀rọ omi wà, Bàbá ò bá wa yọ̀. Wọ́n sún mọ́ agbẹjọ́rò, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ yá nǹkan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé òfin ti gbà kí n bi í báyìí?"

Agbẹjọ́rò wò wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ yín ni, Bàbá. Ó ti parí." Wọ́n sì fa Ìyá mi lọ síwájú, wọ́n ń bi wọ́n ní ọ̀nà ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀, ọ̀nà tí agbẹjọ́rò fúnra wọn mọ̀ dáadáa.

Èmi ń fọ ọwọ́. Mi ò kúrò.

Bàbá dúró níwájú Túúwò. Ó ti ga jù wọ́n lọ.

"Ṣé ìwọ lo kó wáyà yẹn?"

"Rárá, Bàbá."

Bàbá mi orí. Wọ́n tún mi í. Túúwò ní, "Ẹ ò bá ti bi mí láti ọjọ́ yẹn." Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ọmọdé ṣe ń sọ ọ́.

"Ẹ̀rù bà mí," Bàbá ní. "Láti ìgbà tí ẹ ti wà ní kékeré ni. Mo máa ń sọ pé mi ò fẹ́ kí ẹ purọ́. Irọ́ kọ́ ni mò ń sá fún. Mo ń bẹ̀rù kí ẹ má lọ sọ òótọ́ fún mi, kí n má mọ ohun tí n ó ṣe sí i."

Túúwò gba báàgì oúnjẹ lọ́wọ́ wọn, ó gbé e kọ́ èjìká tirẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, Bàbá ń fi ìka méjì fa èjìká ṣẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn, wọ́n ń sọ pé ó yẹ kí àwọn ti mú un wọlé díẹ̀ sí i níbẹ̀, Túúwò sì ń sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀, mi ò ti ẹ̀rọ omi.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó kú sínú yín bí agbẹjọ́rò ṣe jẹ́ kó kú sínú tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí àdúgbò gbọ́ ohun tí Bàbá Ẹ-jọ̀ọ́ ń bẹ̀rù. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí Túúwò gbọ́ láéláé pé láàárín ìgbà tí Bàbá béèrè àti ìgbà tí òun dáhùn, èmi Lọ́yà wọn, tí mo ti ń sọ fún gbogbo ayé láti oṣù kẹwàá pé kò ṣe é, mo di èémí mi mú nídìí ẹ̀rọ omi yẹn, mo ń dúró láti gbọ́.